Ẹ Bi Òun Fúnra Rẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!"

Alágbàfọ̀ wo ẹ̀yìn. Kò rí ẹnì kankan. Ó wo abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Òun nìkan ló wà nínú yàrá náà, òun àti ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin tó ń kùn, àti obìnrin kúkurú kan tó gbé àpò ńlá dání, tí òógùn bò ó lójú, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Àwọn yòókù ti lọ jẹun," ó sọ fún obìnrin náà. "Èmi nìkan ló kù."

"Ẹ̀yin náà ni mò ń kí."

"Èmi?"

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, irùngbọ̀n kún àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní "ẹ̀yin" rí láyé. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn: ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó yé e, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Nítorí ìyẹn nìkan, tọmọdé tàgbà ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Ọmọ ọ̀gá rẹ̀ tí eyín ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, "ìwọ" ló ń pè é. Tí n bá rántí, inú máa ń bí mi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Kíá ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní ilé ìdáná tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, torí pé kì í rìn, sísáré ló ń sáré kiri. Òun náà ò lè kọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, aago sì máa ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà ti kọ́ ọ pé gbogbo àgbàlagbà ni "ẹ̀yin", àti pé àgbàlagbà ni òun náà.

Láti ọjọ́ náà, ọjọọjọ́ Ẹtì ni Kíá ń gbé épúrọ́ọ̀nù ilé ìdáná wá fún fífọ̀. Alágbàfọ̀ ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Yóò fọ̀ wọ́n, yóò lọ̀ wọ́n, yóò sì ká wọn títí etí wọn yóò fi bára mu ṣinṣin.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," Kíá wí fún un lọ́jọ́ kan, "ẹ ò mọ ẹ̀rín rín ni?"

"Mò ń rín in."

"Níbo?"

"Nínú."

Kíá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò aṣọ. Ẹ̀rín ti inú náà bá jáde síta, gbogbo eyín Alágbàfọ̀ ló hàn.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Olólùfẹ́ méjì tí ń pe ara wọn ní "ẹ̀yin"! Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀, aránṣọ ni. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá dúró tì í.

"Màmá, mo fẹ́ fẹ́ Kíá."

"Fẹ́ ta ni? Ìwọ tí mo ṣì ń bá da tíì sí kọ́ọ̀bù?"

Ẹ má bínú sí obìnrin náà. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Bí dókítà bá bi ọmọ rẹ̀ pé ibo ló ń dùn ún, òun ni yóò dáhùn. Bí onígbàjámọ̀ bá bi í pé báwo ni kí wọ́n ṣe gé e, òun náà ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń sọ̀rọ̀ fún ẹni méjì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́, ó ní kí ọmọ òun má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì mọ́. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni Kíá gbé àpò dé, tó bá tábìlì lásán.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ṣì wà. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn kì í yára máa ń péjọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, wọ́n ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ tẹnu ara rẹ̀. Wọ́n ń pe obìnrin tó ń darí wọn ní Agbẹnusọ, àwàdà sì ni, torí pé kì í gba ẹnu ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kíá, tó ti ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló wá mú Alágbàfọ̀ níbi iṣẹ́ débẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún Màmá," Alágbàfọ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Mo lè bá yín lọ," Agbẹnusọ dáhùn. "Mi ò lè bá yín sọ ọ́. Ẹnu ọlọ́rọ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dùn."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, òun, ìyá rẹ̀ àti Agbẹnusọ jókòó yí tábìlì ká nílé aránṣọ, tíì wà níwájú wọn.

"Màmá, ẹ gba ọjọ́ Ẹtì lọ́wọ́ mi," ni Alágbàfọ̀ wí. "Ẹ dá a padà."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí Agbẹnusọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé e."

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀, mà. Ó wà níwájú yín."

Ni ìyá bá yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Ta ló máa tọ́jú ẹ̀yin méjèèjì? Tí gáàsì bá ń jò ńkọ́? Tí mo bá kú ńkọ́?"

Alágbàfọ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ máa kú, Màmá."

"Háà!"

"Gbogbo èèyàn ló ń kú. Tí ẹ bá wá lọ, ṣé kí n máa dá jókòó síbí ni? Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ fún mi nìyẹn?"

Aránṣọ bú sẹ́kún. Àdúrà kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ yìí ṣáájú òun lọ, kó má baà ku ọmọ náà nìkan láyé. Ẹ gbọ́ irú àdúrà tí ẹ̀rù ń kọ́ ìyá! Ojú tì í níwájú ọmọ tó ti ń wá ẹni tí yóò bá a gbé, nígbà tí òun ń wá bí ọmọ náà yóò ṣe kú.

"Mú un wá," ó wí, ó ń nu ojú. "Mú Kíá wá kí n rí i."

Kíá dé, ó fọ gbogbo kọ́ọ̀bù inú ilé, àtèyí tó mọ́ àtèyí tí kò mọ́. Agbẹnusọ ṣàlàyé pé olùrànlọ́wọ́ kan yóò máa yà wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti pé àwòrán ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ìdáná láti fi rántí pípa gáàsì. Oṣù mẹ́fà ni aránṣọ fi ń wò wọ́n. Ní ìparí rẹ̀, òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó wọn.

Ní ilé ìforúkọsílẹ̀, akọ̀wé wo ọkọ ìyàwó, ó wo ìyàwó, ó sì kọjú sí aránṣọ.

"Mà, ṣé ọmọ yín mọ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́?"

Aránṣọ la ẹnu. Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ bi òun fúnra rẹ̀."

Kíá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Alágbàfọ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

"Tí inú Kíá bá bàjẹ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Tí mo bá pẹ́, òun ló máa béèrè mi. Ó tán."

Akọ̀wé náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi àwọn èèyàn, mi ò tíì gbọ́ irú èsì yìí rí," ó wí. "Ẹ ṣeun, sà." Ó yí sí Kíá. "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbà..."

"Mo gbà! Mo gbà! Mo gbà!"

"Mi ò tíì béèrè tán."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, Alágbàfọ̀ rọra ń kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Akọ̀wé wá ti ìwé náà sí iwájú aránṣọ, ó fi ìka hàn án níbi tí wọ́n kọ "alágbàtọ́" sí.

Aránṣọ wo ibẹ̀. Ó gbé bírò, ó fa ìlà lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ó sì wá ibòmíràn lọ sísàlẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí ni mí," ó wí. "Ó ṣojú mi kòró. Mo dúpẹ́, ó ṣojú mi."

Ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.