Kí Òjò Tó Lé Ẹfọ̀n Lọ

"Gálílì ni," ni Tóbilọ́ba wí, ó sì fi ọwọ́ lu tábìlì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ nínú ìjọ yìí, ọjọ́ Gálílì là ń jáde. Kí ló tún kù?"

Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Ìjọ Áńgílíkà kan ní ìlú Oǹdó ni, ó sì ku díẹ̀ kí Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ kan tó ń gbé òkè òkun ti yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì ńlá fún wọn kí wọ́n fi lọ wo àwọn ẹranko ìgbẹ́ nínú ọgbà tí ìjọba ń tọ́jú wọn sí, lápá òkè lọ́hùn-ún, lọ́nà Kwara. Ọjọ́ tí wọn yóò lọ nìkan ni wọn kò tíì mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ohun tí à ń rò sí i. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde ni gbogbo ìjọ máa ń jáde lọ ṣe fàájì, òun ni wọ́n ń pè ní lílọ sí Gálílì.

Àánú, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní SS2. Ó sọ fún wọn pé òun ti pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà lórí fóònù. Ẹ̀ṣọ́ tó bá a sọ̀rọ̀ sọ fún un pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko wá. Nígbà náà, koríko ti jó, gbogbo kòtò omi ti gbẹ, odò kan ṣoṣo ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹfọ̀n àti ìrá àti ọ̀bọ ti máa ń mu omi ní ìrọ̀lẹ́. Bí òjò ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀, omi yóò wà níbi gbogbo, ẹranko yóò tú ká, koríko yóò sì ga ju òrùlé mọ́tò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Àjíǹde ọdún yìí pẹ́ kó tó dé. Òjò yóò ti ṣáájú Gálílì.

"Ìgbà wo lo wá fẹ́ ká lọ?" Tóbilọ́ba bi í.

"Ìsinmi ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ilé ìwé máa wà ní títì, òjò kò sì ní tíì dé."

Ni ariwo bá sọ. Nínú Lẹ́ńtì? Ta ni í ṣe fàájì nínú Lẹ́ńtì? Bísọ́dún, ọmọkùnrin kan tí àwàdà kì í tán lẹ́nu rẹ̀, dìde dúró.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó wí. "Àwọn ẹfọ̀n náà mọ̀ pé Gálílì ń bọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé aṣọ fún télọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Nígbà tí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fara mọ́ Lẹ́ńtì na ọwọ́, ọwọ́ Àánú nìkan ló dá wà lókè. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi kà á.

Kì í ṣe pé Àánú fẹ́ràn awuyewuye. Màmá Leah, ìyá ìyá rẹ̀ tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ni ó ń rò. Màmá ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti kọ́ àìmọye ọmọ nípa ẹranko ilẹ̀ ọ̀dàn láti inú àwòrán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, láìjẹ́ pé ó fojú rí ọ̀kankan nínú wọn rí. Ní báyìí, àìsàn kan ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Bí ẹni tó ń wo ìta láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ṣe ń ríran. Dókítà ojú ní Àkúrẹ́ ti fún un ní oògùn tó ń kán sójú, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un: èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà kò sì dájú. Nígbà tí wọ́n jáde síta, ohun kan ṣoṣo tí Màmá sọ ni pé ó wu òun kí òun rí ẹfọ̀n lójúkojú kí ilẹ̀ tó ṣú fún òun.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, Tóbilọ́ba wá sílé wọn. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́. Yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ló ti ń kàwé, ìparí ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wá sí Oǹdó. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ó pe Àánú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó ní òun ti bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Arakale ní Àkúrẹ́ ṣe àdéhùn pé Gálílì ni àwọn yóò jọ lọ, ojú yóò sì ti òun bí èrò kò bá pé. Àwọn òbí kò tíì forúkọ àwọn ọmọ wọn sílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́, akọ̀wé ni yóò sì ka ìkéde. Ó fẹ́ kí Àánú sọ fún ìjọ pé òun fúnra òun ti bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà sọ̀rọ̀, àti pé ẹranko yóò pọ̀ lọ súà lọ́jọ́ Gálílì.

"Ìyẹn kọ́ ni wọ́n sọ fún mi, Bọ̀dá Tóbi."

"Kì í ṣe irọ́, Àánú. Ìgbàgbọ́ ni. Ṣé Ọlọ́run kò lè dá òjò dúró ni?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wò ó, ọ̀dọ́ nìkan ni bọ́ọ̀sì yìí wà fún. Ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, mo lè fi í sílẹ̀ fún Màmá. Mo mọ bí ojú wọn ṣe rí. Ìwọ ṣáà ka ìkéde náà bó ṣe yẹ."

Ìjókòó iwájú yẹn kò jẹ́ kí Àánú sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé òjò yóò pẹ́ lọ́dún yìí. Ó lè jẹ́ pé ẹfọ̀n kan ṣoṣo yóò ṣẹ́ kù lẹ́bàá ọ̀nà, ẹyọ kan ṣoṣo náà sì ni Màmá nílò. Bí òun bá sì kọ̀, kò sí ìjókòó, kò sí ọkọ̀, kò sí ẹfọ̀n. Ó kúnlẹ̀ gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì pẹ́ lórí eékún. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé ohun tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí irọ́ òun má ṣe jọ irọ́. Ó dìde. Kò bẹ ẹ̀bẹ̀ yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ka ìkéde ìgbéyàwó, ó ka ti àwọn akọrin, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè wo ìjọ.

"Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yóò lọ sí ọgbà ẹranko lọ́jọ́ Gálílì. Orin yóò wà, oúnjẹ yóò wà. Ṣùgbọ́n mo bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà sọ̀rọ̀, wọ́n ní bí òjò bá ti dé, ó ṣòro kéèyàn rí ẹranko. Ẹ̀yin òbí wa, bó bá jẹ́ fàájì lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín lọ ṣe, ẹ forúkọ wọn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹranko lẹ fẹ́ kí wọ́n rí, Gálílì kọ́ ni ìgbà rẹ̀."

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tóbilọ́ba tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Àánú padà sí àyè rẹ̀, ó sì jókòó ṣánṣán.

Bí ìsìn ṣe parí, Bàbá Ìjọ Adébùsóyè, àgbà olóyè ìjọ, pè é wọ yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra. Fíkà Akínsànyà, àlùfáà ìjọ náà, wà níbẹ̀, ó ń bọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Bàbá Ìjọ ní ọmọ yìí ti sọ ilé Ọlọ́run di ibi àríyànjiyàn, ó ti tú àṣírí ẹgbẹ́ rẹ̀ síta, bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ kó àwọn ẹlòmíì lọ ṣe fàájì nínú ààwẹ̀. Ó ní kí ó jáde síwájú ìjọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sọ pé òun ṣe àṣìṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi ipò akọ̀wé sílẹ̀.

Àánú kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì mí fún ibi tí mo ti sọ ọ́. N ó kúnlẹ̀ fún ìyẹn níwájú gbogbo ìjọ. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ohun tí mo sọ kì í ṣe òtítọ́."

"Lẹ́ńtì ńkọ́?" ni Bàbá Ìjọ wí. "Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe Lẹ́ńtì?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ogójì ọjọ́ tí Jésù lò ní aginjù là ń rántí. Àwọn ẹranko ìgbẹ́ ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ìgbà kan bá wà nínú ọdún tó yẹ kí onígbàgbọ́ jókòó jẹ́ẹ́ kó máa wo ẹranko, mo rò pé Lẹ́ńtì ni, sà. Ijó la máa ń jó ní Gálílì."

Fíkà dá ọwọ́ dúró lórí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀, ikọ́ náà sì jọ ẹ̀rín. Bàbá Ìjọ ní ẹ ò rí i, ọmọ ti di oníwàásù. Fíkà, tó ti gbọ́ nípa ojú Màmá, wá sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ti fẹnu kò, òun kò sì ní gba bọ́ọ̀sì wọn lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ yan akọ̀wé mìíràn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun kò mọ òfin ìjọ kankan tó ní kí ọmọ má gbé ìyá rẹ̀ àgbà lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run nínú Lẹ́ńtì, bó bá ti lè rí ọkọ̀.

Àánú fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti fún un ní orúkọ tuntun, Wòlíì Ẹfọ̀n. Bó bá ń kọjá, àwọn kan á máa ké bíi màlúù lẹ́yìn rẹ̀. Kò yára ẹsẹ̀, kò sì wẹ̀yìn.

Ohun tó le jù fún un ni bí yóò ṣe sọ fún Màmá pé òun ti sọ ìjókòó iwájú nù. Màmá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ìjókòó iwájú," ó wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ wò? Koríko?" Ó na ọwọ́, ó wá orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí, ó sì gbé ọwọ́ lé e. "Àwọn àgbà ní ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Pe Silas fún mi."

Silas ni àbíkẹ́yìn Màmá, ó ń gbé ní Àkúrẹ́, ó sì ní mọ́tò. Ó sọ ti Lẹ́ńtì, ó sọ ti ọ̀nà tó jìn, ó sọ ti iṣẹ́. Ó ní ṣé kò ní dáa kí wọ́n kúkú tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ Gálílì ni. Màmá gba fóònù náà lọ́wọ́ Àánú.

"Silas," ó wí, "ojú mi kò ní dúró de Gálílì."

Silas gbà láti gbé wọn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìsinmi, Àánú àti Màmá wọkọ̀ láti Oǹdó lọ sùn ní Àkúrẹ́, nígbà tó sì di ìdájí, Silas gbé wọn sọ́nà.

Ooru mú lọ́jọ́ náà, eruku pupa sì bo gíláàsì mọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà, ẹ̀ṣọ́ kan fi ọkọ̀ ìjọba gbé wọn lọ sí etí odò, ó ní kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n dúró títí. Àwọn ọ̀bọ wá, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Kò sí ohun mìíràn. Silas ń mí kanlẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àánú pé bóyá ohun tí òun dúró lé lórí níwájú gbogbo ìjọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni eruku gbéra láàárín àwọn igi. Ẹfọ̀n ni. Wọ́n ń jáde bọ̀, akọ àti abo àti ọmọ, wọn kò kánjú, ilẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, títí tí etí odò fi dúdú.

"Níbo?" ni Màmá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Níbo ni wọ́n wà?"

Ojú rẹ̀ kò lè gba agbo náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àánú fi ọwọ́ méjèèjì mú orí rẹ̀, ó sì rọra ń yí i. Màmá rí ìwo kan, ó tẹ̀ lé e láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó rí imú tó ń kán omi sílẹ̀. Ó rí lékeléke lórí ẹ̀yìn abo kan, ó rí ọmọ ẹfọ̀n tó ń fi orí gbá ìyá rẹ̀ nínú. Bó ṣe ń rí i ló ń dárúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn ọkọ̀.

"Wọ́n dúdú ju bí mo ṣe máa ń yà wọ́n lọ," ó wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bínú sí omi náà, ó ń nù ún kíákíá kó má bàa dí i lójú.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, Silas ní kí àwọn máa lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n tán," ni Màmá dáhùn. Ẹ̀ṣọ́ náà sì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti ń múra láti wà lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ lọ ní Gálílì. Àwọn tó lọ kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, koríko ti hù, bọ́ọ̀sì sì rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n jó, wọ́n jẹun, wọn kò rí ẹranko kankan. Tóbilọ́ba fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́ fún Àánú, ó ní, "Ìwọ ṣáà ti sọ fún wa." Àánú gbé omi fún un mu, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò dá ipò rẹ̀ padà fún un, òun náà kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ìkórè tó dé, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú Màmá ti lọ. Àánú kò kábàámọ̀. Ó ti mọ̀ pé àṣà dára, ìfohùnṣọ̀kan sì dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá òjò dúró nínú wọn. Òtítọ́ tí èèyàn bá mọ̀, ìgbà tó ṣì wúlò ni kó sọ ọ́, bí òun nìkan tilẹ̀ ni yóò dá dúró, bí yóò tilẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìyá ìjọ wá bá Màmá kẹ́dùn. Ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ fún ojú yìí.

"Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́," ni Màmá wí. "Ẹ jókòó, kí n sọ bí ẹfọ̀n ṣe rí fún yín."