Sàréè Lójú Ọ̀nà Rélùwéè

"Jẹ́ kí ó tẹ́jú dáadáa kí o tó kọ ọ́," ni Philemon wí. "Òkú àgbà kì í sùn sábẹ́ símẹ́ǹtì gbágungbàgun."

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ ti símẹ́ǹtì tútù náà, ó ń fi ìṣó gígùn kan kọ orúkọ sí i. Kò sí òkú kankan lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju iyẹ̀pẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ẹyọ bàtà rọ́bà kan tí ọmọ aládùúgbò ti ń wá láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Ìsìnkú aláìlókùú yìí ní ìdí. Ìjọba ń fa ojú irin rélùwéè wọ inú ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ ti kan èèkàn olórí pupa la àárín Igbóòlú já, abúlé kan tó wà nínú igbó ọ̀pẹ lẹ́yìn Igbódìgò. Ìyáàfin Vivian, ẹnjiníà tó jẹ́ olórí wọn, ti sọ ní gbangba pé nínú abúlé méjì ni òun yóò ti yan ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa dúró. Igbóòlú ni ọ̀kan. Èkejì wà ní òdìkejì odò.

Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó Abọ́sẹ̀dé. Agatha ìyá rẹ̀ ń ṣe púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a mọ roboto tí a sì yan lórí iná, ó sì ń gbé e lọ tà ní Ìlútítun. Ọ̀nà tí ó ń gbà kò yẹ ní ohun tí ọmọ ènìyàn ń gbà. Lọ́dọọdún ni olóṣèlú kan ń wá ṣèlérí ọ̀dà fún ọ̀nà náà, lọ́dọọdún sì ni kòtò rẹ̀ ń jìn sí i. Nígbà òjò tó kọjá, ọ̀kadà dojú Agatha dé sínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Títí di òní, igi ló fi ń rìn. Bí rélùwéè bá ń dúró ní Igbóòlú, ìyá náà kò ní gun ọ̀kadà mọ́. Ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fojoojúmọ́ gbàdúrà fún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Philemon, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó bí Abọ́sẹ̀dé, ní àdúrà tirẹ̀. Iwájú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí ní ìdílé wọn, kí ó lè máa wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀ ṣèèṣì sọ fún un pé bí ojú irin bá kan sàréè, ìjọba yóò san owó ìtùnú fún ìdílé kí wọ́n tó gbé egungun kúrò. Ó bani nínú jẹ́ pé ibi tí èèkàn gbà ní iwájú ilé Philemon, adìyẹ nìkan ló ń sùn síbẹ̀. Ni ó bá ránṣẹ́ pe Abọ́sẹ̀dé, ẹni tó kun orúkọ ìjọ Aládùúrà wọn sára pátákó.

"Bàbá, ẹni tí kò sí ni ẹ ní kí n kọ yìí," ni ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ wí.

"Ta ni kò sí? Bàbá ńlá rẹ lè ní ẹ̀gbọ́n, bí kò tilẹ̀ ní. Ṣé ìwọ lo bá wọn gbẹ̀bí ni?" Philemon fa fóònù tuntun kan yọ. "Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ní kíláàsì ló ní irú èyí. Ìwọ nìkan ló ń na ọrùn wo ti ẹlòmíràn, bí ewúrẹ́ tó ń wo àgbàdo láti ẹ̀yìn ọgbà. Tí iṣẹ́ bá parí, tìrẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí pé òótọ́ ni. Ó mú ìṣó.

Àwọn aládùúgbò kò pẹ́ rí i. Bí Philemon bá ní òkú, ta ni kò ní? Símẹ́ǹtì tí wọ́n ti tọ́jú láti fi kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ilé ìwé ni wọ́n fi kọ́lé fún àwọn tí a kò bí rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà láàyè ń bá igbó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, sàréè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ilé lọ ní Igbóòlú. Gbogbo wọn ni Abọ́sẹ̀dé bá wọn kọ̀wé sí.

Agatha pè é sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. "Kí ni mo gbọ́ pé o ń kọ káàkiri?"

"Bàbá ló ní kí n kọ ọ́, mọ́mì."

"Ó dára. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń béèrè, má gbàgbé pé ọwọ́ Bàbá kọ́ ni ìṣó wà."

Philemon tún fẹ́ sàréè kejì, ṣùgbọ́n orúkọ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Kọ Dominic," ni ó wí níkẹyìn. Dominic ni àbúrò rẹ̀ tó ti kó lọ sí Òde-Ìrèlè láti ọjọ́ pípẹ́.

"Búọ̀dá Dominic kò kú, Bàbá."

"Ẹni tí kò yọjú síbi òkú bàbá tó bí i, kí ló fi yàtọ̀ sí òkú? Kọ ọ́."

Nígbà tí Ìyáàfin Vivian padà dé láti ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn, Philemon ti wọ sùtànà funfun, ó dúró láìwọ bàtà, ó sì ń mi agogo àdúrà kíkankíkan. Obìnrin náà wo àyíká títí.

"Bàbá, ẹ̀yin ará ibí, a kò rí ìwọ̀nyí nígbà tí a ń kan èèkàn."

"Àlejò lójú gbàgàdà, ọmọ mi, kò fi ríran."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Wọ́n ní ẹni yìí kú ní ọdún 1957. Símẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì tutù."

"A tún un ṣe nítorí yín ni."

"Ẹsẹ̀ adìyẹ tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́?"

"Adìyẹ ilé ni," ni Philemon dáhùn. "Òun náà ń ṣọ̀fọ̀."

Ìyáàfin Vivian dìde. "Ó dára. N kò ní yọ òkú yín lẹ́nu. Ibi tí sàréè bá pọ̀ tó báyìí, a kì í kọ́ ibùdókọ̀ síbẹ̀. Ojú irin yóò yà sí òdìkejì odò."

Agogo dákẹ́ lọ́wọ́ Philemon. "Owó ìtùnú ńkọ́?"

"Ta ni a fẹ́ tù nínú, nígbà tí a kò da ẹnikẹ́ni láàmú?" Ó yíjú sí gbogbo wọn. "Àbí ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ? Mo ṣì lè gbọ́."

Abọ́sẹ̀dé rí ìyá rẹ̀ tó fi ara ti igi ìrìn rẹ̀. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n Philemon, tó rò pé ńṣe ni obìnrin náà ń dúnàádúrà, rọra yọ fóònù náà díẹ̀ nínú àpò sùtànà. Ojú fóònù náà ń dán. Abọ́sẹ̀dé pa ẹnu dé.

Bí ó ti pa á dé ni ọ̀kadà kan kù wọlé. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Mo gbọ́ pé ìjọba fẹ́ pín nǹkan, mo wá gba tèmi."

Dominic ni. Obìnrin kan ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó bá ẹ̀yìn ilé lọ. Dominic rí sàréè tuntun, ó ṣí fìlà. "Ta ló kú?" Ó tẹ̀ síwájú, ó kà á, ó sì tún un kà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni mo kú?"

"Dominic, jókòó ná."

"Orí kí ni n ó jókòó sí? Orí ara mi?" Ó jókòó sí i náà, ó na ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. "Ó tilẹ̀ kúrú. Ẹsẹ̀ mi ìbá yọ síta."

Ìyáàfin Vivian rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà náà ni Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo kọ gbogbo wọn. Kò sí òkú kankan níbí. Ẹ má gbé ibùdókọ̀ lọ."

"Mo ti mọ̀, ọmọ mi. Símẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná rẹ." Ẹ̀rín ti kúrò lójú obìnrin náà. "Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ń retí. Ká ní o ti sọ ọ́ kí òkú yìí tó gun ọ̀kadà dé, ǹ bá ti gbàgbé ìyókù. Nísinsìnyí, ẹ kò sọ òtítọ́ fún mi. Àṣírí yín ló tú. Báwo ni n ó ṣe fi ibùdókọ̀ síkàáwọ́ àwọn tí kò lè sọ ẹni tó wà láàyè fún mi?"

Wọ́n fa èèkàn pupa tu, wọ́n sì kó o sọdá odò. Fóònù náà kò jáde nínú àpò Philemon mọ́.

Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ sí sàréè wó wọn, kí wọ́n sì fi àfọ́kù wọn dí kòtò ojú ọ̀nà. Abọ́sẹ̀dé ló ru èyí tó pọ̀ jù, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gbogbo wọn. Sàréè kan ṣoṣo ló kù. Dominic kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. "Ẹ fi tèmi sílẹ̀," ni ó wí. "Òun nìkan ni ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi rí."

Ní ọjọ́ ọjà, Agatha tún gun ọ̀kadà pẹ̀lú púpurú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi kòtò tó kán an lẹ́sẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi òòlù gún àfọ́kù símẹ́ǹtì mọ́lẹ̀. Lẹ́tà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì hàn lára wọn.

"Gún un dáadáa," ni Agatha wí. "Èyí nìkan ni òtítọ́ tí o fi símẹ́ǹtì náà kọ."

Ọ̀kadà kọjá lórí rẹ̀ láìgbọ̀n. Abọ́sẹ̀dé wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ títí ó fi wọ igbó ọ̀pẹ. Ó ti wá mọ̀ pé bí àgbà bá rán ni ní irọ́, ọwọ́ ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà ni a ó ti bá ìṣó, àti pé òtítọ́ tó bá dúró de ìgbà tí àṣírí tú kò ní ohun kan láti gbà là mọ́. Ó gbé òòlù rẹ̀, ó kọjú sí kòtò tó kàn.