Iṣan Ọwọ́ Ìyá Onílé

Mo fi gbogbo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi ti rìn láyé búra, òtítọ́ ni. Ẹni tí kò bá gbà á, kó fi í sílẹ̀. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ojú mi sì mọ́lẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni bàtà ìyá onílé kan: ó ń rìn, kò dún.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà. Ọmọbìnrin tí àbúrò mi olóògbé fi sílẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé kiri. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ń gún ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti gbà á, àmọ́ ibùgbé inú ọgbà ti kún. Wọ́n ní kó mú ìwé tí onílé fọwọ́ sí wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, láti ilé tí ẹsẹ̀ lè rìn dé ọgbà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ la sì wà yẹn. Èmi tí mo ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ ẹrù ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ, èmi ni mo wá ń wá ilé!

Onílé àkọ́kọ́ wo bàtà mi títí. "Ṣé ẹ̀yin náà máa máa gbé ibẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ mi kì í gbé ojú kan."

"Yàrá ti tán."

Ìkejì ní òun ò gba akẹ́kọ̀ọ́. Ìkẹta ní yàrá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, onílé náà sì ń wo ọmọ mi bí ológbò tó rí ẹja. A ò dágbére fún un.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

"Ilé wo? Ṣé o rí ilé lọ́wọ́ mi ni? Rìn, jàre."

Ọ̀sán gangan la dé ilé aláwọ̀ ewé kan. Ìyá àgbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé ìka. Òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn ń bọ̀ lára rẹ̀. Oòrùn ń jó wa lẹ́yìn, òtútù sì ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí wa lójú.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ ti pẹ́ jù," ló wí jẹ́jẹ́.

Yàrá ẹ̀yìn mọ́ tónítóní. Igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì ká dáadáa bí ìwé tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Ìyá náà na ọwọ́ sí Abẹ́rẹ́.

"Ka bí iṣan mi ṣe ń lù. Ẹni tí ò lè kà á ò ní sùn níbí."

Abẹ́rẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ọwọ́ ìyá náà, ó ń wo aago mi. Ìṣẹ́jú kan kọjá. "Méjìlélọ́gọ́rin ni, Màmá."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wò mí, bí ìgbà tí àgbà méjì bá jọ mọ àṣírí tí ọmọdé ò mọ̀. "Wàá mọ̀ ọ́n tó bá yá." Ó kọ ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́pàá rí.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ àgbà gba ìwé náà níwájú mi. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ló fún yín?"

"Ìyá onílé ni, Màá. Ara wọn le. Mo tiẹ̀ ka iṣan wọn," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn.

"Báwo lo ṣe kà á? Kà á lọ́wọ́ mi."

Abẹ́rẹ́ gbé àtàǹpàkò lé e.

"Àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀ tó ń lù," ni olùkọ́ náà wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Iṣan ara rẹ lo kà. Ìka méjì yìí la fi ń kà á. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ilé wọn ni ìwé yìí ti wá, ọwọ́ wọn ló sì kọ ọ́. Oṣù karùn-ún rèé tí a ti sin wọ́n nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn wà nínú àpò aṣọ náà."

Abẹ́rẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Màá, a ó wá ibòmíràn," ni mo wí.

"Ibòmíràn kẹ̀? Màmá ti gbà á sílé. Ta ni èmi tí n ó lé e?" Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà.

Abẹ́rẹ́ ti lo ọdún méjì níbẹ̀ báyìí, kò lá àlá burúkú rí. Bó bá sáré jáde láìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á bá a ní títẹ́ nígbà tó bá dé. Ó máa ń wí pé, "Ẹ ṣé, Màmá," á sì jókòó sídìí ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, alààyè tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú pọ̀ lọ jàra. Òkú kan ló ṣí tirẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Lọ́jọ́ tí mo padà lọ kí olùkọ́ náà, mo bi í léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ sọ kẹ́yìn kó tó kú. Ó wojú fèrèsé.

"A rò pé ibà ló ń mú wọn sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ní, 'Ó ku ọmọ kan tí kò tíì rílé.'"

"Kí ni wọ́n ní?"

"Ó ku ọmọ kan tí kò tíì rílé."