Ohùn Méjì Tí Kò Dé Orí Ìtàgé

"Èwo ló kù tí n kò tíì gbọ́, bàbá mi?"

Ọmọbìnrin náà yọ ohun ìgbọ́rin kúrò létí, ó sì wo ojú bàbá rẹ̀. Inú yàrá iṣẹ́ kótópó ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà. Páálí kéékèèké kún ara ògiri, orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ bàbá yìí ni láti yan àwọn tí yóò kọrin lórí ìtàgé ńlá níbi àpéjọ orin ọlọ́dọọdún, èyí tí èrò máa ń wọ́ tìrítìrí wá wò láti ọ̀nà jíjìn.

"Sinmi ná, Elétí-Ehoro," ni bàbá dáhùn.

Orúkọ àwàdà tó sọ ọ́ nìyẹn. Ó máa ń sọ fún àlejò pé bí ẹ̀fọn bá húkọ́ nílé kejì, ọmọ òun á gbọ́. Bí ọmọ náà bá sì ní olórin kan kàn ń fi ariwo bo àìmọ̀ọ́kọ mọ́lẹ̀ ni, bàbá kì í jiyàn.

Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lára ògiri. Bàbá fìka kàn án.

"A ti ní onífèrè, a ní àwọn olórin ijó, a ní àwọn ọ̀dọ́ tí ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà lórí ìlù. Orin jẹ́jẹ́ ni a kò ní. Ìtàgé tí ohùn kan náà ń dún lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bí ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá sọ̀rọ̀ ló rí. Bàbá bíríkìlà kan wà lẹ́yìn ìlú, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Nígbà èwe wọn, bàbá á máa lé orin lórí àkàbà, ìyá á máa gbè é láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lódìkejì títì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Fóònù aládùúgbò ni wọ́n fi gba orin wọn sílẹ̀ ránṣẹ́, kò sì já gaara. Èmi ìbá lọ, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà ń kan ìtàgé ní Sátidé. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Bá mi lọ gbọ́ wọn. Ohun tí o bá sọ ni màá ṣe."

"Mo gbọ́, bàbá mi." Orí ọmọ wú.

Ṣùgbọ́n ẹnu kò gba ọ̀rọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lékeléke nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn. Inú bí Lékeléke.

"Àyè ṣì kù, o kò sì rántí ẹgbẹ́ olórin ẹ̀gbọ́n mi? Ta ni yóò dìde nílé wá gbọ́ arúgbó méjì tó ń kùn bí oyin? Sátidé yẹn ni wọ́n ń dánrawò. Gbogbo kíláàsì wa ń bọ̀, àfi ìwọ tí o fẹ́ lọ jókòó ti ìyá àgbà!"

Àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wọ̀ ọ́ lára.

Ní Sátidé, ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹ̀yìn ìlú dúró níwájú rẹ̀, awakọ̀ pè é, ó mi orí. Ó ní bí òun bá yà sí ìdánrawò díẹ̀, òun á ṣì débẹ̀. Ibi ìdánrawò ló wà títí, ilé ló sì padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá wọlé, lẹ́búlẹ́bú pákó wà lórí rẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́?"

"Ohùn wọn ti lọ, bàbá mi. Ogbó ti bà á jẹ́. Ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n Lékeléke ló dáa."

Bàbá gbọn lẹ́búlẹ́bú náà nù. "Ó mà ṣe o. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù oní-fóònù. Bí àpéjọ bá parí, èmi fúnra mi á lọ bẹ̀ wọ́n." Kò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà á gbọ́.

Ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n Lékeléke ni bàbá fún ní àyè náà. Lọ́jọ́ àpéjọ, wọ́n kọrin, èrò fò sókè. Bàbá káwọ́ gbera lẹ́yìn ìtàgé. "Ó dùn," ló wí, "ṣùgbọ́n ó jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ jù." Ọmọbìnrin náà gbọ́, ijó sì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá mú un dání lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ọmọ ṣe àwáwí pé inú ń run òun, bàbá ní kó máa bọ̀. Bàbá bíríkìlà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun bo ẹ̀rọ ìránṣọ kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, bàbá. Èmi ni mo ń yan olórin fún ìtàgé ńlá. Mo wá bẹ̀ yín, torí ọmọ mi wá gbọ́ yín, a kò sì pè yín mọ́."

"Ọmọ wo?" Bàbá àgbà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹnikẹ́ni kò wá síbí o. Ní Sátidé tí ẹ ní ó ń bọ̀, ìyàwó mi wọ aṣọ tó rán nítorí ìtàgé yẹn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú títì, á ní, 'Ó ti dé.' Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ní bóyá òjò ló dí ọmọ náà lọ́wọ́. Òjò kò sì rọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ìyá ńkọ́?"

"A ti sin ín. Àyà ló ti ń dùn ún tipẹ́. Kí àpéjọ yín tó bẹ̀rẹ̀ ló lọ. Aṣọ yẹn náà la wọ̀ fún un."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá. N kò wá. Mo parọ́ ni."

"Dìde," ni bàbá àgbà wí. "Ìwọ kọ́ lo pa á. Ṣùgbọ́n ó wù ú kí ẹnì kan gbọ́ orin rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin náà fún òun. Bàbá àgbà lé orin, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó rọ̀, kò sí ogbó kankan nínú rẹ̀. Ó dúró lójijì, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó gbè.

"Ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti máa ń wọlé," ló wí.

Bàbá ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá àgbà mi orí. "Ẹnì kan kì í dá orin lé kó tún dá a gbè, ọmọ mi."

Nínú ọkọ̀, ojú ọ̀nà nìkan ni bàbá ń wò. Nígbà tí wọ́n délé, ara ọmọ kò gbà á mọ́.

"Bàbá mi, ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Bí mo bá bú ọ, ọkàn rẹ á fúyẹ́. N kò fẹ́ kó tètè fúyẹ́." Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹni tí a ní kó bá wa yan èèyàn, ọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí wọ́n rán ọmọbìnrin yìí tí kò dé, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Kì í sì í torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ta ẹni tó fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ègbè ìyá aránṣọ mọ́ láyé yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe ohun tó tọ́ nígbà tí àyè rẹ̀ ṣì wà, torí ọgbọ́n tó dé lẹ́yìn ìsìnkú kì í jí òkú.