Ọ̀bọ Tí Wọ́n Sọ Ní Ìdòwú

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn wọ Ifẹ̀ rí yóò mọ bí Ẹdúnàbọ̀n ṣe máa ń rí lọ́sàn-án Sátidé. Mọ́tò kò tíì dúró tán tí àwọn ọlọ́jà á ti yí i ká. Ẹni kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹni kan gbé iṣu, ẹni kan gbé ẹran ìgbẹ́ sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Fọláyọ̀, tó ń ta ọ̀dà ilé ní Lagere, kò ní in lọ́kàn láti ra ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ń sùn lẹ́yìn mọ́tò láàárín àwọn ọmọ Fọláyọ̀ méjèèjì, Táyéwò àti Kẹ́hìndé, ìbejì ọmọ ọdún méje.

Ọdẹ kan na ọwọ́ sójú fèrèsé. Ẹranko kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn, okùn wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń wo inú mọ́tò bí ẹni tó fẹ́ bú sẹ́kún.

Oorun dá lójú Ìyá Àgbà. "Ẹdun!" ló ké. "Ìyá Ìbejì, ẹdun nìyẹn! Ìwọ abiamọ ìbejì, o ò gbọdọ̀ fojú fo ẹdun kọjá lójú títì."

"Ìyá, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Kí la fẹ́ fi ṣe kẹ̀? Bí o ò bá rà á, ẹlòmíì á rà á, á fi jẹ iyán. Ẹbí àwọn ọmọ rẹ ni wọ́n máa jẹ yẹn o."

Ọmọ Yorùbá kò ní béèrè ìdí. Ilé tí wọ́n bá ti bí ìbejì kì í jẹ ẹdun, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀kan náà ni ẹdun àti ìbejì. Táyéwò ti ń sunkún, Kẹ́hìndé ti na ọwọ́ síta. Fọláyọ̀ sanwó. Ó gbà pé òun yọ ẹ̀mí kan nínú ewu, inú rẹ̀ sì dùn dọ́ba. Ọdẹ náà, Ògúnwálé lorúkọ rẹ̀, gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún àwọn ọmọ dáadáa.

Kí wọ́n tó dé ilé wọn ní Ìrẹ̀mọ, orúkọ ti délẹ̀. Ọmọ tí a bá bí lé ìbejì, Ìdòwú ni, èyí ló sì dé lẹ́yìn Táyéwò àti Kẹ́hìndé. Nígbà tí Ògúnwálé pè láti béèrè bóyá wọ́n délé láyọ̀, wọ́n sọ orúkọ náà fún un. Oyèlárán, ọkọ Fọláyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ò ní kọ orúkọ Ìdòwú mọ́ ti àwọn ọmọ òun nínú fọ́ọ̀mù kankan.

Oṣù àkọ́kọ́ dùn. Ìdòwú ń mu mílíìkì nínú fídà, ó ń sùn láyà Táyéwò. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ó ti fa kọ́tìnì ya, ó sì ti fa etí ọmọ aládùúgbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Wọ́n bá fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí igi ọsàn. Láti ọjọ́ náà, eré tán. Yóò jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, yóò máa fa irun apá ara rẹ̀ tu títí ẹran ara á fi hàn.

Lọ́jọ́ kan Kẹ́hìndé gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún un. Ìdòwú bù ú jẹ lọ́rùn ọwọ́.

Ìyá Àgbà kò fàkókò ṣòfò. Ó gé irun Ìdòwú díẹ̀, ó pò ó mọ́ epo pupa, ó sì fi lé ojú egbò, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tiwọn. Oyèlárán kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó kàn gbé ọmọ lé ọ̀kadà, ó di ọsibítù.

"Ta ló fi epo sí èyí?" Nọ́ọ̀sì ni, ojú rẹ̀ le. "Bí ẹranko bá géni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi ń fọ̀ ọ́, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bọ̀ níbí. Kì í ṣe ajá nìkan ló lè kó dìgbòlugi ranni. Bí àìsàn yẹn bá sì ti fara hàn tán, kò sóògùn."

Ó fọ egbò náà, ó fún Kẹ́hìndé ní abẹ́rẹ́, ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá gba ìyókù. Lẹ́yìn náà ló fún Oyèlárán ní nọ́ńbà dókítà ẹranko kan. "Ẹ ní kó wá wo ọ̀bọ yín," ló wí.

Kí dókítà tó ráàyè wá, Àjàgbé ti dé. Àjàgbé ní gádìn kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí àwọn èèyàn ti ń mu bíà, tí wọ́n ń jẹ ẹja yíyan. Ó ti gbọ́ ìròyìn.

"Ìyá Ìbejì, ẹ gbé e fún mi. Mo ní sùú, ọgbà ẹranko, lẹ́yìn gádìn mi. Á máa jẹun, á máa rí èèyàn, ẹ̀yin náà á sì máa wá wò ó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fọláyọ̀ létí bí orin. Ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ó kó àwọn ọmọ lọ wo ilé tuntun tí Ìdòwú máa lọ.

Sùú náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Àgò onírin kan ni, kò fẹ̀ ju mátírẹ́ẹ̀sì lọ. Ọ̀bọ ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó ń rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin síhìn-ín, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sọ́hùn-ún, kò sì dúró rárá. Ọ̀nì kékeré kan wà nínú ọpọ́n símẹ́ńtì tí kò lè yí padà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ti ìgò bíà bọ àárín irin, ó fi kan ẹnu ọ̀bọ, gbogbo àwọn tó jókòó sì bú sẹ́rìn-ín.

Kẹ́hìndé wò wọ́n títí. Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màámi, kí ni wọ́n ṣẹ̀?"

"Wọn ò ṣẹ̀ nǹkan kan, ọmọ mi," Àjàgbé dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìran là ń fi wọ́n wò."

"Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń tì mọ́lé."

Fọláyọ̀ mú àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó ní òun á ronú sí i.

Dókítà Bàrákàt dé ní ọjọ́ Monday. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni, híjáàbù rẹ̀ mọ́, bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Àjàgbé náà ti gbé àgò kékeré wá láti wá mú Ìdòwú lọ. Dókítà tú ṣéènì, ó wo ẹnu ọ̀bọ, ó wo ìdí rẹ̀, ó sì yíjú sí Ìyá Àgbà.

"Màmá, ẹ má bínú o. Èyí kì í ṣe ẹdun. Ọ̀bọ ni. Ẹ wo àmì funfun méjì nídìí ìrù rẹ̀ yìí, ẹdun kì í ní in."

"Tún un wò dáadáa," Ìyá Àgbà wí. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

"Mo ti tún un wò, Màmá. Ẹdun ti ṣọ̀wọ́n."

Àjàgbé rí àyè. "Kò burú, bó bá ṣe ọ̀bọ lásán ni, ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ. Àbí sùú náà ti di èèwọ̀, Dókítà? Òyìnbó ò ní sùú ni? Níbo lọmọ wa ti máa rí kìnnìún?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ pé gbogbo ọgbà ẹranko ló burú," Bàrákàt fèsì. "Bí ọgbà bá láàyè tí ẹranko lè sáré, tó lè gun igi láàárín irú rẹ̀, tó ní dókítà àti òṣìṣẹ́ tó gbọ́ṣẹ́, tó sì jẹ́ pé èyí tí kò lè padà sígbó mọ́ tàbí èyí tí irú rẹ̀ ń run lọ ló ń tọ́jú, oore ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ lọ mú ẹranko tó ń jẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú igbó, kẹ́ ẹ tì í mọ́ àgò kí àwọn tó ń mutí lè rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí, ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Kí lọmọ fẹ́ kọ́ níbẹ̀?"

"Ó dáa ná, Dókítà," Fọláyọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò mú un nínú igbó. Mo gbà á lọ́wọ́ ikú ni."

"Ìyá Ìbejì, ọmọ ọ̀bọ kì í kúrò láyà ìyá rẹ̀. Kó tó lè dọ́wọ́ ọdẹ, wọ́n ti ní láti yìnbọn pa ìyá. Ẹ̀yin sì ni ẹ san owó ọta."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fọláyọ̀ dé egungun. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ tí gbogbo èèyàn fi lè gbọ́, nítorí ọ̀dà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ògúnwálé ni, ọdẹ Ẹdúnàbọ̀n. Ìdòwú ńkọ́? Ẹ bá mi yọ̀ o, mo ti rí Àlàbá fún un! Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́yà lórí igi lẹ́yìn oko kòkó wa. Nírọ̀lẹ́ yìí ni mo máa já ìyá lulẹ̀. Ẹ wá gbé ọmọ lọ́la."

Ọdẹ náà kò ṣìrò. Àlàbá ló ń tẹ̀lé Ìdòwú.

"Má yìnbọn!" Fọláyọ̀ pariwo. "Ògúnwálé, má yìnbọn!" Fóònù ti kú. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù.

Dókítà so Ìdòwú padà mọ́ ìdí igi, Fọláyọ̀ sì ní kí Àjàgbé gbé àgò rẹ̀ lọ. Mọ́tò dókítà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó wá kọ́kọ́rọ́ rí, Ìyá Àgbà ti jókòó síwájú. "Ẹ wọlé ká máa lọ! Bí a bá pẹ́, ọrùn mi ni ẹ̀jẹ̀ abiamọ yẹn wà."

Nígbà tí wọ́n dé Ẹdúnàbọ̀n, Ògúnwálé ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ti ń jáde níwájú ilé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí wọn.

"Ẹ ò lè ṣe sùúrù dọ̀la ni?"

"Mi ò rà á," Fọláyọ̀ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mi ò ní ra ọ̀kankan mọ́ láyé mi."

Ẹ̀rín parẹ́ lẹ́nu ọdẹ. "Ẹlòmíì á rà á. Ọkùnrin kan ní Modákẹ́kẹ́ ti ní kí n máa kó wọn bọ̀."

"Òfin kò fàyè gba kí o máa tà wọ́n láìgba ìwé àṣẹ," Bàrákàt wí.

"Dókítà, òfin kì í se oúnjẹ fún ọmọ." Ó ti ń bínú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Ìyá Àgbà lọ dúró sí iwájú rẹ̀ gan-an. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ?"

"Bàbá mi ni, Màmá."

"Kí ló sọ fún ọ nípa ẹranko tó bá gbọ́mọ?"

Ògúnwálé bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde síta, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sùn. "Ó ní bí mo bá rí abiamọ, kí n gbé ìbọn mi wálẹ̀."

"Ìyá Ìdòwú ńkọ́? O ò rí ọmọ láyà rẹ̀ ni?"

"Mo rí i." Ó wolẹ̀. "Ojú owó ni mo wò, Màmá."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n rà á," Ìyá Àgbà wí. "Mo pè é lẹ́dun, mo pè é lẹ́bí, àṣé èmi ni mo rán ọ ní ìkejì. Àwa méjèèjì la jọ dá a sílẹ̀. Jẹ́ ká jọ pa á tì."

Ọdẹ náà gbé ìbọn kúrò léjìká, ó yọ ọta, ó sì kó o lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ wá wò ó kẹ́ ẹ tó lọ," ló wí.

Ó mú wọn gba inú oko kòkó dé etí igbó, ó sì nàka sókè. Òun nìyẹn! Ìyá ọ̀bọ jókòó sórí ẹ̀ka, Àlàbá há mọ́ ọn láyà, orí kékeré nìkan ló yọ. Ó wo àwọn èèyàn tó wà nísàlẹ̀, kò sì fẹ́ràn ohun tó rí. Ló bá fò! Láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, láti igi dé igi, bíi mẹ́wàá mìíràn tú jáde tẹ̀lé e, gbogbo ewé ń mì jìgìjìgì. Fọláyọ̀ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ta á. Ìyá Àgbà tú gèlè, ó fi ń jùwọ́ sí wọn. "Máa lọ, Àlàbá! Máa lọ, ọmọ mi! Má débi títì láé o!"

Ìdòwú kò lè padà sígbó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí kò mọ bí wọ́n ti ń wá oúnjẹ. Dókítà Bàrákàt gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ ọ̀bọ aláìníyàá pọ̀ nínú igbó tí wọ́n sọgbà yí ká, tí wọn kì í gba òǹwòran. Àwọn ìbejì sunkún lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, fídíò dé. Ìdòwú dùbúlẹ̀ gbalaja, abo ọ̀bọ àgbàlagbà kan ń tú irun rẹ̀ wò, irun apá rẹ̀ sì ti hù padà. Kẹ́hìndé gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, kò sí àìsàn kankan.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí Dókítà Bàrákàt fi ọ̀rọ̀ tó létí ti kó ọ̀bọ àti ọ̀nì kúrò ní gádìn Àjàgbé. Ó ṣì ń bínú, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ẹ kí i. Ní ti Ògúnwálé, ogójì ọmọ ilé-ìwé ló kó lọ sí etí igbó ní oṣù tó kọjá, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ìwé, kò yìnbọn. Ọ̀bọ mẹ́rìnlá ni wọ́n kà. Ìyá Àgbà, tó bá wọn lọ, ní èyí tó ń dá fò níwájú ni Àlàbá. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ra ẹranko ìgbẹ́ láàyè, ì báà ṣe àánú ló ṣe yín. Owó tí ẹ fi ra ọ̀kan ló ń rán ọdẹ lọ mú ìkejì. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tà á, tàbí tí ẹ ti ní ọ̀kan nílé, ẹ fi tó dókítà ẹranko tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbó létí. Bí ó bá géni jẹ, ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi irun sí i. Ọṣẹ, omi tó ń ṣàn, ó di ọsibítù, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ náà pé. Kí ẹ tó sanwó wọ ọgbà ẹranko kankan, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹranko ibẹ̀ ní àyè láti rìn, bóyá ó ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀, bóyá dókítà ń dé ibẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yí padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ yín mọ ọ̀bọ, ẹ mú un lọ sí etí igbó, kí ẹ jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn, kí ọ̀bọ sì máa lọ sílé rẹ̀ nígbà tó bá wù ú.