Asẹ́ Abọ́sẹ̀dé

Ní Àgbàlá-Òkè, ìlú táwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, kò sí òjò, kò sí odò. Omi tí wọ́n bá mu, tí wọ́n fi wẹ̀, òun náà ni ẹ̀rọ ń kó padà fún wọn láti tún mu. Ohun tó bá ti wọnú omi yẹn kì í jáde mọ́. Bí májèlé aláìkú, èyí tí kì í jẹrà, ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn. Ara ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ jáde sínú eruku ló ti ń ṣí bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Kò lóòórùn, kò korò, bẹ́ẹ̀ ni sísè kì í pa á.

Abọ́sẹ̀dé, onímọ̀ omi, ló ṣe asẹ́ èédú tó ń mú un. Ó bẹ àwọn àgbà ìlú kí wọ́n fún òun ní oṣù díẹ̀ sí i láti fi dán an wò. Ta ló fẹ́ gbọ́? Gbogbo ìlú ti pé jọ. Olóyè Ajíbúlù, olórí àwọn àgbà, gbé ife omi tó ti inú asẹ́ náà jáde lé e lọ́wọ́.

“Abọ́sẹ̀dé, o mọ àṣà wa. Ẹni tó gbé ohun mímu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, títọ́wò ò lè fi nǹkan kan hàn. Májèlé yìí kì í pààyàn lójú ẹsẹ̀.”

“Àbí o mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni?”

Ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. Bí ò bá mu ún, iṣẹ́ ayé rẹ̀ wọmi nìyẹn. Ó mu ún tán. Ariwo ayọ̀ sọ gèè, tọmọdé tàgbà sì mu àmuyó. Ẹ wo ìwà ọmọ aráyé: wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́, ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n gbà gbọ́.

Asẹ́ náà ń mú májèlé ńláńlá, àwọn wẹ́wẹ́ sì ń yọ́ gbabẹ̀ kọjá. Ìgbà tí ikọ́ burúkú kan wọ̀lú ni àṣírí tú, torí májèlé yẹn ò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ràn lára àwọn ọmọdé mọ́. Morẹ́nikéjì, ọmọ kan ṣoṣo tí Abọ́sẹ̀dé bí, wà lórí ibùsùn pẹ̀lú wọn. Dókítà Ṣógbèsan bá yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìlú wò, ó sì ka èsì rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Nínú gbogbo àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ Abọ́sẹ̀dé ló mọ́ jù.

Olóyè Ajíbúlù fò dìde. “Ẹ ò rí i? Ó mu tiwa lójú wa, ó ń mu omíràn nílé!”

“Irọ́ ni!” Abọ́sẹ̀dé ti ń sunkún. “Omi yẹn náà ni mò ń mu, láàárọ̀, lálẹ́!”

Àwọn ìyá ọmọ ti ń sún mọ́ ọn kí dókítà tó gbọ́wọ́ sókè.

“Òótọ́ ló ń sọ.” Ó yíjú sí i. “Ìyá Morẹ́nikéjì, kí lẹ fi tọ́ ọmọ yín?”

“Ọmú ni. Mi ò tíì já a lẹ́nu rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó fẹnu kan omi yẹn rí, torí ọkàn mi ò balẹ̀ sí asẹ́ náà.”

“Ọkàn rẹ ò balẹ̀ sí i,” ni Olóyè Ajíbúlù wí jẹ́jẹ́, “o sì jẹ́ ká mu ún.”

Dókítà ló tún sọ̀rọ̀, ó ń wolẹ̀.

“Inú ọmú ni májèlé náà gbà jáde lára yín, ìyá. Nínú gbogbo ìlú, inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ló ti pọ̀ jù.”

Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé dé ilé ìtọ́jú, Morẹ́nikéjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ikọ́ ti tán an lókun. Ó rí ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí àyà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Abọ́sẹ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà náà, ó ń fẹ̀yìn rìn padà, ọmọ sì ń ké tẹ̀ lé e.