Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àǹtí

"Màámi, ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn Àǹtí. Ẹ má sọ tiyín."

Màámi gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó ní èmi ni mo ba aṣọ ìyàwó yẹn jẹ́. Irọ́ sì ni!"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀!" Àǹtí fò dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sínú ẹ̀.

Mo ṣì ń rántí ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ẹni pé àná ni: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó kọjú síra wọn, àjákù aṣọ nílẹ̀, òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Màámi ń gé, Àǹtí tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ń rán. Wọ́n jọ máa ń kọrin sídìí iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá gbàgbé orin, èkejì á bá a parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí aṣọ ìyàwó kan ti kúrú mọ́ wọn lọ́wọ́, orin dákẹ́. Àǹtí ní òun máa gbé ẹ̀rọ òun lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó dùn mí dọ́kàn.

Lásìkò náà, obìnrin kan wá láti yunifásítì sí iléèwé wa, ó ń ṣèwádìí lórí bí àwọn ọmọ ṣe lè parí ìjà. Ìyá Àlàáfíà là ń pè é. Ó ní kí oníjà kọ̀ọ̀kan máa ro ẹjọ́ ẹnì kejì rẹ̀, títí onítọ̀hún á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ní ká lọ dán an wò nílé, ká kọ àbọ̀ wá gba máàkì. Tèmi ló dà rú níṣojú oníbàárà yẹn.

"Ṣáà kọ ọ́ pé wọ́n ti parí ẹ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó, wí. "Gbogbo wa la kọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wá wò ó?"

Ká sòótọ́, ó wù mí kọ. Àmọ́ mo rántí pé Sátidé ti dé tán, irọ́ ò sì ní dá Àǹtí dúró. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí: ó dà rú.

Ìyá Àlàáfíà kà á, ó pè mí. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Gbogbo àwọn yòókù ní ìjà parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ni kí n wá fi ìyẹn ṣe? Níbo lo ti ṣe tìẹ?"

"Níwájú àwọn oníbàárà ni, mà."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n wo ló máa gbà fún àbúrò níwájú oníbàárà? Dúró dìgbà tó bá ku àwọn nìkan."

Láàárọ̀ Sátidé, Àǹtí dé. Ẹ̀rọ náà wúwo, kò lè dá a gbé. Màámi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mo dínà mọ́ wọn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lọ́kàn Àǹtí?"

"Ọmọ yìí, kúrò lọ́nà!"

N ò kúrò. Màámi mí kanlẹ̀. "Ó rí i pé mo gé aṣọ yẹn kúrú. Kò lè sọ fún mi, torí èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀rù mi ló bà á."

Omi lé ròrò sójú Àǹtí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn yín pé mo dákẹ́ títí ojú fi tì yín níwájú ìyàwó."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Màámi wí. "Ó yá, jẹ́ ká gbé e padà, ọwọ́ ń ro mí!"

Ilé ìtajà fóònù ni ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Ojú Màámi ò ríran dáadáa mọ́. Àǹtí ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ká ní mo purọ́ yẹn ni, ǹ bá gba máàkì, Àǹtí ì bá sì ti lọ. Ẹ má ṣe pe ìjà tí ò tíì parí ní èyí tó ti parí. Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn, kí n lè gbọ́ wọn nínú ilé: ọ̀kan ń gbàgbé orin, èkejì ń bá a parí ẹ̀.